Bí Ẹ Ṣe Lè Lọ Kọ́ Àwọn Ọmọ Aláìní ní Gẹ̀ẹ́sì ní Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀

"Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ lọ yọ̀ǹda ara mi lókè òkun, kí n máa kọ́ àwọn ọmọ aláìní ní Gẹ̀ẹ́sì. Ta ni kí n sanwó fún?"

Mo ti dáhùn ìbéèrè yìí títí ó fi sú mi, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ má sì tíì da ara yín láàmú nítorí owó bàálù. Ilẹ̀ òkèèrè tí mo mọ̀, tí mo sì ti kọ́ ọmọ níbẹ̀ fún ìsinmi mẹ́ta, ẹ̀yìn Àgbádárìgì báyìí ló ti bẹ̀rẹ̀. Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní Kútọnu bí ẹni pé ìlú kan péré ló wà níbẹ̀. (Kì í ṣe Benin ti ìpínlẹ̀ Ẹdó o. Ẹnì kan ti pè mí láti gáréèjì Ọ̀rẹ̀ rí.)

Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ níbẹ̀. Ọmọ á lo ọdún mẹ́fà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, láti CI títí dé CM2, á ṣe ìdánwò CEP, lẹ́yìn náà ló máa wọ collège, ilé-ìwé girama wọn. Láti kíláàsì àkọ́kọ́ ní collège, èyí tí wọ́n ń pè ní sixième, Gẹ̀ẹ́sì ti di ọ̀ranyàn, ó sì wà nínú BEPC, ìdánwò ìparí collège. Ọmọ olówó á ti máa gba lẹ́sìnnì kó tó débẹ̀. Ọmọ ẹni tó ń ta kpayo, epo inú ìgò létí títì, kò rí irú ẹ̀ gbà. Àlàfo yẹn lẹ fẹ́ lọ dí.

Ẹ sì ní ohun kan tí àwọn tó ń ti Yúróòpù wá ṣe irú iṣẹ́ yìí kò ní. Ní Kétu, ní Pobẹ̀, ní Sákétẹ́, títí dé Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, ẹ máa rí ọmọ tó ń gbọ́ Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n tìtorí ẹ̀ pè yín, ṣùgbọ́n Yorùbá yín ni iṣẹ́ náà máa gùn lé.

## Ta ló yẹ kó lọ?

Kò pọn dandan kí ẹ ní NCE, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dára. Bí ẹ bá ti kọ́ ọmọ rí, ìbáà ṣe lẹ́sìnnì ọ̀sán tàbí kíláàsì ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé-kéwú, ẹ lè ṣe é. Ohun tí mo máa ń bèèrè jù ni àkókò. Ẹni tí kò bá ní tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kó má lọ. Ọ̀sẹ̀ kìíní máa tán lórí kí ọmọ mọ̀ yín, kí ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá wá lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ kàn da ọkàn ọmọ rú ni. Mo kọ nǹkan fún ẹni tí kò ní àkókò sí ìsàlẹ̀.

Ẹ kọ́ Faransé díẹ̀ kí ẹ tó lọ: ìkíni, òǹkà, àti bí ẹ ṣe máa sọ pé bénévole ni yín, ìyẹn ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìgba owó. Ọ̀rọ̀ kan yẹn máa gbà yín lọ́wọ́ àlàyé púpọ̀ lójú ọ̀nà.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mú àkókò tó bá wọn mu

Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń wọlé, ó sì máa ń tó oṣù kẹfà kí ọdún ẹ̀kọ́ wọn tó parí. Àkókò tó dára jù fún àlejò ni oṣù keje àti ìkẹjọ, nígbà tí àwọn ilé-ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹgbẹ́ àdúgbò bá ń ṣe cours de vacances, lẹ́sìnnì ìsinmi. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yege CEP tó ń retí sixième ni ẹ gbájú mọ́. Oṣù méjì tí ẹ bá lò pẹ̀lú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ó máa rí èrè rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sígbà náà.

Bí ọmọ Nàìjíríà bá wọ Bẹ̀nẹ̀, àdéhùn ECOWAS fún un ní ọjọ́ 90 láìgba físà. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ gba ìwé ìgbélùú. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kó mọ sí ọjọ́ 90 yẹn.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wá ibi tó mọ́

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Oríṣi ibi mẹ́ta ló wà tí mo lè tọ́ka yín sí:

1. Lẹ́sìnnì ìsinmi. Ìlú tàbí ẹgbẹ́ ẹ̀sìn ló ń ṣètò rẹ̀, àwọn olùkọ́ àdúgbò ló ń kọ́ni. Ibí ló rọrùn jù fún ẹni tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́.
2. Ilé-ìwé ìjọba. Ọ̀gá ilé-ìwé, directeur, kò lè dá gbà yín. Ó máa gbàṣẹ lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ agbègbè rẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí i ní Faransé, oṣù méjì ó kéré tán kí ẹ tó gbéra.
3. ONG, ìyẹn ẹgbẹ́ aláàánú tí kì í ṣe ti ìjọba, tó ń bójú tó ọmọ tó ń ṣiṣẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ẹ máa bá níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní vidomègon. Èdè Fọ̀n ni, ó túmọ̀ sí ọmọ tí wọ́n fi sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ máa rí wọn lọ́jà Dantokpa ní Kútọnu, tí igbá omi tútù wà lórí wọn nígbà tí ẹgbẹ́ wọn wà ní kíláàsì. Ìrọ̀lẹ́ nìkan ni wọ́n máa ń ráyè, bí obìnrin tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ bá gbà.

Ibi tí n kò ní rán yín lọ ni ilé ọmọ aláìlóbìí tó ń wá àlejò kiri. Mo mọ̀ pé àwòrán irú ibẹ̀ ló máa ń wọ̀ wá lójú jù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Cambodia: bí àlejò onínúure ṣe ń pọ̀ sí i ni ilé ọmọ aláìlóbìí ń pọ̀ sí i, àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní 2011 pẹ̀lú UNICEF sì fi hàn pé bíi mẹ́ta nínú ọmọ mẹ́rin tó wà níbẹ̀ ló ní òbí tó wà láàyè. Níbi tí owó àlejò bá ti ń wọlé nítorí ọmọ, wọ́n á wá ọmọ kún un. Ọmọ tí a gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kí àwa lè rí ẹni kọ́, a ò ràn án lọ́wọ́.

Ẹ pè wọ́n lórí fóònù kí ẹ tó sọ pé ẹ ń bọ̀, kí ẹ bi wọ́n ní nǹkan wọ̀nyí:

- Ta ni olùkọ́ tí a jọ máa wà nínú kíláàsì? (Bí wọ́n bá ní kò sí, pé ẹ̀yin nìkan ni, ẹ fura.)
- Ọmọ mélòó ni, kíláàsì wo ni wọ́n wà, èdè wo ni wọ́n ń sọ nílé?
- Kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀kọ́ náà lọ́jọ́ tí mo bá kúrò?
- Ibo ni mo máa sùn, ta ló sì ni ilé náà?
- Ìwé wo lẹ fẹ́ rí lọ́wọ́ mi kí n tó fojú kan ọmọ?

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ni mo fi ń mọ̀ wọ́n. Ibi tí wọn kò ti béèrè ìwé ẹ̀rí ìwà lọ́wọ́ àjèjì tó fẹ́ máa bá ọmọ wọn jókòó, kì í ṣe ibi gidi.

Lórí ọ̀rọ̀ owó. Bí ẹni tó gbà yín lálejò bá ní kẹ́ ẹ dá owó oúnjẹ àti ibùsùn, kò burú, iyán kì í gún ara rẹ̀. Kó kàn sọ iye rẹ̀ àti ohun tí yóò fi rà. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ san owó fọ́ọ̀mù tàbí "owó físà Kútọnu", olè ni. Ẹ ti rí i lókè pé a kì í gba físà. Ẹni tó bá sì sọ pé Bẹ̀nẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ dé, kí ọkọ̀ míì tó gbé yín lọ síbi tí owó oṣù ti pọ̀, ẹ sá. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ta àwọn ọmọbìnrin wa nìyẹn. NAPTIP, àjọ ìjọba wa tó ń gbógun ti títa ènìyàn, ni kí ẹ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ kó ìwé yín jọ

- Páṣípọ́ọ̀tù, tàbí ìwé ìrìnnà ECOWAS tí àwọn imigiréṣọ̀n ń fúnni.
- Yẹ́lò káàdì. Ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ní ọjọ́ mẹ́wàá ó kéré tán ṣáájú ìrìnàjò, torí káàdì kì í múná kó tó pé ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹni tó ti gbà á rí kò nílò òmíràn; láti 2016 ni wọ́n ti ní kó máa ṣiṣẹ́ títí ọjọ́ ayé. Èyí tí wọ́n ń tà ní gáréèjì láìfún yín lábẹ́rẹ́, ẹ̀yin àti ibà lẹ jọ máa yanjú rẹ̀.
- Ìwé ẹ̀rí ìwà láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ẹni tó bá wà ní Èkó mọ Alágbọn ní Ìkòyí. Ẹni tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ lè mú DBS rẹ̀ wá.
- Lẹ́tà ìpè ní Faransé, tí orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà ẹni tó pè yín wà nínú rẹ̀.
- Ẹ̀dà sáàtífíkéètì yín, fọ́tò páṣípọ́ọ̀tù mẹ́rin, àti ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnì kan nílé.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń lo páṣípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Amẹ́ríkà, ọjọ́ 90 ti ECOWAS yẹn kò kàn yín. Ẹ gba físà Bẹ̀nẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí kí ẹ fi páṣípọ́ọ̀tù Nàìjíríà yín wọlé bí ẹ bá ní in.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ gba bọ́dà kọjá ní ojúmọmọ

Ibi tí ẹ ń lọ ló máa sọ bọ́dà tí ẹ máa gbà. Fún Kútọnu, Sẹ́mẹ̀ ni. Fún Àjàṣẹ́ àti Sákétẹ́, ẹ gba Ìdìròkò bọ́ sí Ìgólò. Wọ́n ti ṣí i padà láti oṣù kẹrin 2022 lẹ́yìn títìpa ti 2019. Ẹni tó ń lọ sí Kétu lè gba Ìlárá.

1. Ẹ gbéra láàárọ̀ kùtù. Ibi àyẹ̀wò pọ̀ lójú ọ̀nà Àgbádárìgì sí Sẹ́mẹ̀, ẹ kò sì ní fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín láàárín wọn.
2. Ẹ gba òǹtẹ̀ ní ìhà Nàìjíríà, kí ẹ sì gba òǹtẹ̀ ní ìhà Bẹ̀nẹ̀. Òǹtẹ̀ kejì yìí ni wọ́n máa fi ka ọjọ́ 90 yín.
3. Ẹ bi ènìyàn mẹ́ta kí ẹ tó ṣẹ́ owó. Owó sẹ́fà tí wọ́n ń ná níbẹ̀ kì í mì lójú owó Yúróò, 655.957 sẹ́fà ni Yúróò kan láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Náírà ló ń lọ sókè sódò, ìdí nìyẹn tí iye àná kò fi wúlò lónìí.
4. Ẹ béèrè owó onírin nínú ṣéńjì yín. Níbẹ̀, owó onírin ṣì ń ra nǹkan, ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan kì í sì ní ṣéńjì 10,000.
5. Ẹ ra síìmù, MTN tàbí Moov, pẹ̀lú ìwé ìdánimọ̀ yín. Láti ìparí oṣù kọkànlá 2024, nọ́ńbà Bẹ̀nẹ̀ di mẹ́wàá, 01 ló sì ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni tó pè yín bá fún yín ní nọ́ńbà mẹ́jọ, èyí àtijọ́ ni. Ẹ fi 01 síwájú rẹ̀ lẹ́yìn +229.

Ọlọ́kadà á sọ fún yín pé òun mọ ọ̀nà àbùjá tí kò ní ìlà. Mo tẹ̀lé ọ̀kan rí. Ó yá lóòótọ́, a ò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ọjọ́ tí mo ń padà bọ̀ ni ojú mi tó là: páṣípọ́ọ̀tù mi kò ní òǹtẹ̀ ìwọlé kankan, mo wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti aago mẹ́sàn-án títí oòrùn fi yẹ̀ lórí, mò ń ṣàlàyé bí mo ṣe dé orílẹ̀-èdè tí ìwé mi sọ pé n kò dé.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ jókòó sẹ́yìn

Ẹ lọ kí directeur, olórí àdúgbò, àti òbí tí ẹ bá rí. Ní Kétu, ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ yín kò ní ṣàjèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó sẹ́yìn kíláàsì kí ẹ máa wo olùkọ́ wọn. Ẹ kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ kọ èdè ilé rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: Yorùbá, Ègùn, Fọ̀n.

Ẹ ṣọ́ra níbi èdè yìí. Ọmọ Ègùn lè jókòó láàárín ọmọ Yorùbá mẹ́wàá, kẹ́ ẹ sì máa fi Yorùbá ṣàlàyé Gẹ̀ẹ́sì títí kíláàsì á fi tú, láìmọ̀ pé kò gbọ́ ìkankan nínú méjèèjì. Ẹ fi ọmọ tó gbọ́ èdè méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ a máa túmọ̀ fún ara wọn ju bí àgbà ti lè ṣe lọ.

## Ìgbésẹ̀ 6: Nínú kíláàsì

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gírámà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà, torí ibẹ̀ ni Faransé ti ń dínà mọ́ wọn, olùkọ́ láti Nàìjíríà kì í sì í fura.

Ẹ ṣe ìdánwò yìí ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ pe lẹ́tà bí a ṣe ń pè é nílé, kí ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́:

- Ẹ pe E, "íì". Wọ́n á kọ I, torí bí Faransé ṣe ń pe I nìyẹn.
- Ẹ pe A, "éè". Wọ́n á kọ é.
- Ẹ pe R, "áà". Wọ́n á kọ A.
- Ẹ pe G, "jíì". Wọ́n á kọ J.
- Ẹ pe J, "jéè". Wọ́n á kọ G.

Ẹ rí i pé ọmọ kò gọ̀. Ohun tó gbọ́ gan-an ló kọ. Mo sọ fún kíláàsì mi nígbà àkọ́kọ́ pé kí wọ́n kọ "age" bí mo ṣe ń pe lẹ́tà rẹ̀, ohun tí mo rí lórí síléètì ni "éji", mo sì rò pé Yorùbá ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Ẹ kọ lẹ́tà A, E, I, G, J, R sórí páálí, kí ẹ máa fi wọ́n ṣeré ní ìṣẹ́jú márùn-ún láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má fi ọjọ́ kan fò ó.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ibi tí wọ́n ti máa ń kọsẹ̀ nìyí:

Ọjọ́ orí. Faransé sọ pé ènìyàn "ní" ọdún mẹ́wàá, nítorí náà wọ́n á sọ "I have ten years". Ẹ má gbógun tì í pẹ̀lú òfin gírámà. Ẹ bi ọmọ ní Yorùbá, ọmọ ọdún mélòó ni? Á dáhùn pé, "Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí." Ẹ fi hàn án pé Gẹ̀ẹ́sì bá ti ilé rẹ̀ mu níbí ju ti ilé-ìwé lọ: "I am ten." Ojú ọmọ máa ń là wàá.

H. Faransé kì í pe H, nítorí náà "house" á di "áùs" lẹ́nu wọn. Ọmọ Yorùbá ti ní H lẹ́nu tẹ́lẹ̀. Ẹ ní kó sọ "ahọ́n", kó sọ "ihò", kó wá mú èémí àárín yẹn wá síwájú "house".

Chair. Ọ̀rọ̀ yìí wà nínú Faransé, "ṣẹ́ẹ̀" ni wọ́n ń kà á, ẹran ara ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ tọ́ka sí àga kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀. Òfin tí mo ń tẹ̀lé láti ìgbà náà ni pé etí ṣáájú ojú: kí ọmọ gbọ́ ọ̀rọ̀, kó sọ ọ́, kó fọwọ́ kan nǹkan náà, kó tó rí i lójú pátákó.

S ìparí. "Two book." Yorùbá kì í fi nǹkan kún ọ̀rọ̀ kó tó di púpọ̀, Faransé sì ń kọ S rẹ̀ láìpè é. Ibì kan ṣoṣo nìyí tí èdè méjèèjì ti gbìmọ̀ pọ̀ lòdì sí yín. Ẹ ṣe sùúrù.

Ẹ̀yin náà. Tí ọmọ ọdún mọ́kànlá bá sọ pé òun ń lọ sí collège, kò purọ́. Ilé-ìwé girama ni. Librairie ni ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń yá a.

Ẹ má kọ́ wọn ju ọ̀rọ̀ tuntun márùn-ún lọ lóòjọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ ṣe ọjà: ìdérí ìgò ni owó, bébà, òkúta àti ewé ni ọjà. "How much?" "Too much!" Àwọn ọmọ tó ń tajà nígboro, tí wọn kì í fọhùn láti ọjọ́ Ajé, á bú sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ná owó mọ́ mi lọ́wọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì títí tí mo fi ta òkúta mi ní ọ̀fẹ́.

## Pàṣán: ẹ fi í sílẹ̀ ní ìhà Nàìjíríà

Mo mọ̀ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ṣùgbọ́n òfin ọmọdé ti Bẹ̀nẹ̀, òfin 2015-08 ti ọjọ́ 8 oṣù kejìlá 2015, ti ka nínà ọmọ léèwọ̀, nílé àti nílé-ìwé. Ẹ lè rí olùkọ́ ibẹ̀ tó ṣì ń nà wọ́n. Kò sọ pé kí ẹ̀yin náà nà wọ́n, àlejò ni yín. Kíkúnlẹ̀ lórí òkúta, nína ọwọ́ sókè, fífa etí, gbogbo rẹ̀ ẹ fi sílẹ̀.

Àwọn nǹkan míì tí kò ní àwíjàre:

- Ẹ má dá wà pẹ̀lú ọmọ kan níbi tí ẹlòmíràn kò ti lè rí yín.
- Ẹ má ya fọ́tò ojú ọmọ gbé sórí Facebook. Ọmọ tó sá kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń lù ú, fọ́tò yín ni wọ́n lè fi wá a rí.
- Ẹ má fún ọmọ kan ní ẹ̀bùn ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ fún ilé-ìwé.
- Ẹ má mú ọmọ kọjá bọ́dà, ìbáà ṣe fún ìparí ọ̀sẹ̀ kan. Ìyá kan lè bẹ̀ yín tomijé-tomijé pé kí ẹ mú ọmọ òun lọ sí Èkó. Orúkọ tí òfin máa pè é ni ìjínigbé tàbí òwò ọmọ.

Bí ẹ bá rí ojú egbò lára ọmọ, ẹ má bi í léèrè bí ọlọ́pàá. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, kí ẹ fún directeur tàbí ONG tó gbà yín. Bí wọn kò bá ṣe nǹkan kan, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń dáàbò bo ọmọdé, OCPM, wà fún un.

## Àṣìṣe tí mo ń rí lọ́dọọdún

Àkọ́kọ́ ni ìgbéraga. Ọmọ Nàìjíríà á débẹ̀, á máa fi Gẹ̀ẹ́sì àwọn olùkọ́ ibẹ̀ rẹ́rìn-ín níwájú ọmọ. Olùkọ́ yẹn ló máa kù lẹ́yìn tí ẹ bá lọ. Bí ẹ bá ti tú u sígboro lójú àwọn ọmọ rẹ̀, kí ni wọ́n á tún gbọ́ lẹ́nu rẹ̀? Bí ó bá ṣì Gẹ̀ẹ́sì, ẹ dúró títí kíláàsì á fi tú.

Òmíràn ni kíkó ẹrù ìwé ògbólógbòó láti Èkó. Ìwé tó ń sọ̀rọ̀ nípa Dókítà Bello àti ìjọba ìpínlẹ̀, kí ni ọmọ Pobẹ̀ fẹ́ fi ṣe? Ṣọ́ọ̀kì, páálí, síléètì àti ìwé àfọwọ́kọ ni kí ẹ rà, kí ẹ sì rà wọ́n níbẹ̀, kí owó náà wọlé sí àdúgbò.

Ọ̀pọ̀ ló sì ń gbàgbé nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn.

## Bí ẹ kò bá lè lọ

Ẹni tó ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, kó lọ ran àwọn olùkọ́ lọ́wọ́ dípò ọmọ: ọ̀sẹ̀ méjì tó láti bá olùkọ́ mẹ́rin ka Gẹ̀ẹ́sì sókè kí ilé-ìwé tó wọlé. Ẹni tí kò lè kúrò nílé rárá lè máa fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ìṣẹ́jú mẹ́ta lóòjọ́, kí olùkọ́ gbé fóònù rẹ̀ sókè fún kíláàsì. Mo ti rí i tó ṣiṣẹ́ níbi tí kò síná.

Ẹni tó bá jẹ́ olùkọ́ tàbí oníṣẹ́ ọwọ́ gidi, tó sì lè yọ ọdún méjì sílẹ̀, kó wo Technical Aid Corps tí ìjọba Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní 1987. Wọ́n ń rán ènìyàn lọ sí Áfíríkà, Karibíánì àti Pàsífíìkì, wọ́n sì ń fún un ní owó ìgbọ́bùkátà. UN Volunteers àti VSO náà ń gba ọmọ ilẹ̀ wa. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó ń gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

## Ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn

1. Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ ń lọ fún àwọn ọmọ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ẹ má parẹ́ mọ́ wọn lójú.
2. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ wọn kọ́ni, kí ẹ̀yin padà sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn níbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.
3. Ẹ fún un ní ìwé kan tí ohun tí ẹ ti kọ́ wọn wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ọjọ́, pẹ̀lú orúkọ ọmọ tó ṣì ń pa G pọ̀ mọ́ J.
4. Ẹ fi páálí lẹ́tà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀ lára ògiri.
5. Ẹ ṣe ìlérí ohun tí ẹ lè mú ṣẹ nìkan. "Mo máa padà wá lọ́dún tó ń bọ̀", ọmọ máa ń kà á lọ́jọ́ọjọ́.
6. Ẹ gba òǹtẹ̀ ìjáde. Ọlọ́kadà ọ̀nà àbùjá á tún pè yín, ẹ má dá a lóhùn.